Ọjọ́ Tí Aṣọ́ Wáìfáì Fọ́jú Nílé Jola

“Molo, Mama!”

“Molo, makoti. Ṣé o sùn dáadáa?”

“Oorun wo, Mama? Ìdánwò òní kò jẹ́ kí n fojú kan oorun.”

Bí wọ́n ṣe fi “Molo” kí ara wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn nílé Jola, ní abúlé wa lẹ́yìn ìlú Qumbu. Nolusapho ni ìyàwó ilé tí gbogbo wọn ń pè ní makoti, MaDlomo sì ni ìyá ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìwakùsà lókèèrè. Nolusapho ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké láti ilé, ọ̀sán ọjọ́ náà ni yóò sì ṣe ìdánwò àṣekágbá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ilé ìwé abúlé ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un, àmọ́ wọn ò ní dúró dè é títí di ọdún tó ń bọ̀.

Láti ìgbà tí òjò alààrá ti rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe ségesège. Nolusapho kò kọ́kọ́ fòyà. Vuyelwa, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ti fi áàpù kan sórí kọ̀ǹpútà ilé tí ń ṣọ́ Wáìfáì. Ó máa ń fi orúkọ Wáìfáì ilé àti ti àwọn aládùúgbò hàn, pẹ̀lú ìlà tí ń sọ èyí tó lágbára àti èyí tó rọ. Nolusapho ṣí i kó lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Òfìfo ló bá níbẹ̀. Ó pa á, ó tún un ṣí. Òfìfo náà ni.

Ó fi ìwọ̀nba dátà tó kù lórí fóònù rẹ̀ wá ìrànlọ́wọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nǹkan àkọ́kọ́ tó jáde ni nọ́ńbà fóònù kan: “Àwa la ṣe áàpù yín. Ẹ pè wá.” Ó pè wọ́n.

Ẹ fetí sílẹ̀ níbí o, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kó sí páńpẹ́.

Ohùn ọkùnrin tó gbé e dùn bí oyin. “Sisi, kò tó nǹkan. Màá fi líǹkì kan ránṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí n lè ti ibí wọ inú kọ̀ǹpútà yín, kí n tún un ṣe. Bí kọ̀ǹpútà bá ń kìlọ̀ fún yín, ẹ má dá a lóhùn.”

“Ẹ ṣeun. Ìdánwò mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ jẹ́ ká yára nígbà náà. Kí ni orúkọ Wáìfáì yín? Kí sì ni ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ fi ń wọ̀ ọ́?”

Nolusapho gbé fóònù kúrò létí.

Orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ ni Wáìfáì náà ń jẹ́. Baba fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Tata nílé, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé àpótí Wáìfáì wá, orúkọ yẹn kan náà ló sì fi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà, kó má baà gbàgbé. Jola tí ẹ ń gbọ́ yìí, orúkọ ìdílé ni. Ẹ má retí kí n pe èyí tí wọ́n sọ ọ́ fún yín, torí ìyàwó abúlé yìí lèmi náà, a kì í sì í pe irú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tiẹ̀ fi ìró jọ ọ́, ìyàwó ilé á wá òmíràn rọ́pò rẹ̀.

“Sisi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀. Orúkọ yẹn, n kò lè pè é.”

“Kí ló dé? Ṣé ẹ ò kàwé ni?”

“Mo kàwé. Bàbá ọkọ mi ló ni ín.”

“Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, ṣebí ẹ lọ́wọ́!”

“Kí n fọwọ́ ara mi kọ orúkọ Tata ránṣẹ́ sí ẹni tí n kò mọ̀ rí?”

“Ẹ wá ẹni tó máa pè é! Àkókò ń lọ!”

Nolusapho gbé fóònù lọ bá MaDlomo níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. “Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe orúkọ Tata fún ọkùnrin yìí.”

MaDlomo wò ó láti òkè délẹ̀. “Èmi? Látọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, Jola ni mò ń pè é. Ṣé ọjọ́ ogbó mi ni n óò wá máa ké orúkọ ọkọ mi bí ẹni ń polówó ewúrẹ́?” Ó nahùn síta. “Vuyelwa! Wá pe orúkọ bàbá rẹ!”

Vuyelwa ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aṣọ lódò dé ni, ó ń sá wọn lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Qumbu, ìsinmi ló gbé e wálé. Ó wọlé tòun ti ọwọ́ tútù. “Ta ló fẹ́ gbọ́ orúkọ Tata?”

“Àwọn tó ṣe áàpù Wáìfáì ni, Sisi. Wọ́n ní kí n pe orúkọ náà àti ọ̀rọ̀ aṣínà, kí n sì tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́.”

Vuyelwa gba fóònù. “Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣe áàpù wa?”

“Àwa ni, sisi.”

“Ó dáa. Kí ni orúkọ áàpù náà?”

Ọkùnrin náà pa fóònù.

“Ẹ ò rí ayé! Ó fẹ́ gbọ́ orúkọ bàbá mi, kò mọ orúkọ áàpù tó lóun ṣe! Nolusapho, ṣé o ti tẹ líǹkì yẹn?”

“Rárá o. Orúkọ Tata ló dá mi dúró.”

Vuyelwa mí kanlẹ̀. “Ọlọ́run ló yọ ọ́. Bó bá ti wọlé ni, iṣẹ́ ìwé rẹ àti owó tí ọkọ rẹ ń fi ránṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ì bá bọ́ sí.”

Nolusapho bú sẹ́kún. “Ìdánwò mi ńkọ́?”

“Nu ojú rẹ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó rọrùn. Ṣé fóònù rẹ ń rí Wáìfáì ilé?”

“Ó ń rí i, àmọ́ kò lágbára.”

“Wáìfáì kò kú nìyẹn. Aṣọ́ rẹ̀ ló fọ́jú. Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí kẹ́yìn?”

“Èmi ni.” Tata ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá ìdaran. “Ó bi mí bóyá kí àwọn áàpù máa mọ ibi tí a wà. Mo ní láéláé! Nígbà tí àwọn olè ṣẹ̀ṣẹ̀ kó màlúù Radebe aládùúgbò wa lọ, ṣé èmi ni n óò máa júwe ọgbà màlúù mi?”

Vuyelwa rẹ́rìn-ín títí. “Tata, ẹ̀ṣọ́ gidi ni yín. Àmọ́ ẹni tó bá rí orúkọ àwọn Wáìfáì tó yí ilé ká lè fi mọ ibi tí ilé wà. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi so méjèèjì pọ̀. Tí ẹ bá ní kí áàpù má mọ ibi tí a wà, kò ní rí Wáìfáì kankan. Ẹ jẹ́ ká gba èyí tí a mọ̀ láyè, ká sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ níta.”

Ó wọ ibi ètò kọ̀ǹpútà, ó fún áàpù náà láṣẹ, ó pa á, ó tún un ṣí. Àwọn orúkọ tò wá. Nolusapho pàtẹ́wọ́, àmọ́ Vuyelwa fajú ro.

“Ti aládùúgbò ga ju tiwa lọ, nínú ilé wa? Níbo ni àpótí Wáìfáì wà?”

MaDlomo dojú bolẹ̀. Nígbà tí ààrá ń sán, ó ti fi aṣọ bo dígí bí gbogbo wa ti ń ṣe. Ó sì ti gbé bàsíà onírin ńlá dé àpótí náà lórí. “Iná ń ṣẹ́jú lára rẹ̀,” ó ní. “Mi ò fẹ́ kí mànàmáná rí i.”

“Mama! Irin kì í jẹ́ kí Wáìfáì kọjá. Bí ààrá bá ń bọ̀, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára iná, ìyẹn ló dáa jù.”

Wọ́n ṣí bàsíà náà. Ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà gòkè níṣojú gbogbo wọn, MaDlomo sì ta ijó débi pé ẹ̀wà dànù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Nolusapho ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sókè nílé náà. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín ló gbé wá. “Mo parí rẹ̀! Kò já rárá!” Ara tu gbogbo wọn pẹ̀sẹ̀.

Nídìí tíì, Tata túnra mú. “Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi ò wo ilé. Wáìfáì wo ni ìyàwó ilé ò lè pè? Makoti, fún un ní orúkọ tuntun.”

Nolusapho gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. “Tata, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Molo. Kò sẹ́ni tí kò lè kí èèyàn.”

Ẹ̀yin ará, abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ ẹ má béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ olè. Bí áàpù tó ń ṣọ́ Wáìfáì kò bá rí nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá fóònù ń rí i. Ẹ wo àṣẹ tí ẹ fún un láti mọ ibi tí ẹ wà, ẹ pa á kí ẹ tún un ṣí, ẹ sì wo ohun tó bo àpótí yín. Bí kò bá gbọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é gan-an ni kí ẹ lọ, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ mọ ojú rẹ̀. Ẹ má pe nọ́ńbà tó kàn fò jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣílẹ̀kùn kọ̀ǹpútà fún àlejò, pàápàá èyí tó ní kí ẹ yára tàbí kí ẹ má gbọ́ ìkìlọ̀. Ẹ má sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni nílé ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ilé Jola ti yí tiwọn padà. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ óò rí Molo lórí fóònù yín. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má bi mí. N kò mọ̀ ọ́n, kò sì yẹ kí n mọ̀ ọ́n.