Aránṣọ Tó Ní Òun Ṣẹ́gun Àrùn

Aránṣọ kan wà tí àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́-kì-í-ṣìnà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ kan nítorí jẹjẹrẹ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. "Agbára mi ni," ló máa ń wí.

Ọkọ àbúrò rẹ̀ ṣàìsàn, ó sì kú. Níwájú òkú, aránṣọ ní, "Ọ̀lẹ ni àìsàn ń pa." Àbúrò rẹ̀ gbọ́. Ọdún mẹ́rin ni wọn kò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni òùngbẹ dé bá aránṣọ. Ó ń mu omi bí ẹní ń da á sínú agbọ̀n, ó ń tọ̀ ṣáá, kò lè rán apá aṣọ kan tán kó má dìde. Wọ́n rò pé àtọ̀gbẹ ni, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ní kò sí ṣúgà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Orí ń fọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ń rí iwájú, kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọwọ́ lé áyọ́ọ̀nù gbígbóná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ gbọ́, ó sáré dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."

Dókítà ya àwòrán orí rẹ̀. "Mà, jẹjẹrẹ ọmú yẹn ti rìn dé abẹ́ ọpọlọ. Ó ba ẹran kékeré kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ jẹ́, òun ló ń darí omi ara àti okun yín. Ó sì ń tẹ iṣan ojú."

"Ṣé ó máa lọ?"

"A ó fún yín lóògùn tí yóò dá omi dúró, àti èyí tí yóò rọ́pò okun tó sọnù. A ó fi ìtànṣán jó o kó má tètè dàgbà. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín, a ò lè lé e lọ pátápátá."

Òùngbẹ náà rọlẹ̀. Ojú kò bọ̀ sípò. Abẹ́rẹ́-kì-í-ṣìnà kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́, àbúrò rẹ̀ ló ń bá a dè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún.

"Mo bú ọkọ rẹ lójú òkú. Kí lo wá wá sọ́dọ̀ mi?"

"Ó dùn mí wọ egungun, ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbàdúrà títí kí n tó lè wá. Ṣùgbọ́n Jésù dárí jì mí, báwo ni n ó ṣe di tiyín sínú?"

"Ṣé Ó lè gba irú èmi yìí, tó jẹ́ pé àìsàn ló lé mi wá?"

"Ó ní ẹni tó bá tọ Òun wá, Òun kò ní lé e. Ẹ sáà wá."

Aránṣọ tẹrí ba lórí bẹ́ẹ̀dì. "Olúwa, agbéraga ni mí. Ṣàánú mi."

Ọjọ́ yẹn gan-an ló pe àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n nítorí bàbá wọn. Èyí àgbà kàn ń sunkún. Àrùn kò lọ. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, aránṣọ kú ní àlàáfíà, orí rẹ̀ lórí itan àbúrò rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bóyá ara rẹ le koko lónìí. Ta lo ti fi ẹnu pa lára? Ta ni o kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Obìnrin yìí rí oṣù mẹ́jọ gbà. Ta ló ṣèlérí ọ̀la fún ọ? Jésù kò lé e, kò ní lé ìwọ náà. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o ké pè é nísinsìnyí.