Ẹni Kẹrin Nínú Ìwé Ìwọṣẹ́

Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wọṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì. Mẹ́rin ló ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹni mẹ́ta tó ṣojú wọn ló sọ ọ́ fún wa, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnu wọn sì kò. Ìwé ìwọṣẹ́ náà ṣì wà nílẹ̀. A ti fi ojú ara wa kà á.

Òfin ilé ìwòsàn náà kò lọ́jú pọ̀. Bí nọ́ọ̀sì kò bá pé mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pàjáwìrì, kí wọ́n sì ní kí àwọn aláìsàn máa lọ sí ilé ìwòsàn kejì, ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ nínú ọkọ̀. Òfin dára. Nọ́ọ̀sì ni kò sí. Àwọn kan ti rìnrìn-àjò, àwọn kan ti fẹ̀yìn tì, ẹnì kan ń ṣàìsàn fúnra rẹ̀. Àwọn tó kù fún ọ̀sán kò ju mẹ́ta lọ.

Àgbà nínú àwọn mẹ́ta yìí ni obìnrin kan tí àwọn aláìsàn ń pè ní Ẹ-ní-Sùúrù. Ọdún méjìlélógún ló fi dúró sẹ́nu ọ̀nà pàjáwìrì, ọ̀rọ̀ yẹn náà ló sì ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Ó máa kàn yín. Ẹ ní sùúrù.

"Sùúrù wo ló kù, màmá?" Bàbá kan bi í bẹ́ẹ̀ rí. "Èyí tí mo gbé bọ̀ látilé ti tán lórí bẹ́ǹṣì yìí."

"Ẹ yá ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, bàbá. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ obìnrin yìí kì í ṣe ẹni tó lè tilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn. Nítorí náà, ní aago méjì ọ̀sán lójoojúmọ́, á ṣí ìwé ìwọṣẹ́, á kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á sì kọ ti ẹni kẹrin sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ ló ń kọ. Aago méjì ló ń kọ sí i gẹ́gẹ́ bí àkókò tó wọṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ ti kú láti ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Kì í pariwo mọ́ aláìsàn. Ó ṣiṣẹ́ àárọ̀, kò rí ẹni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe ti ọ̀sán, ó ṣe ti òru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí àga ni wọ́n ti bá a ní yàrá kẹrin, bí ẹni tó sùn lọ. Wọ́n sin ín. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì tó ti bàjẹ́ sínú yàrá náà títí dé àjà, wọ́n sì fi àgádágodo tì í. Ọ́fíìsì kò bèèrè nǹkan kan, orúkọ rẹ̀ kò sì kúrò nínú ìwé. Orúkọ òkú ló ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún alààyè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, aláìsàn mọ́kànlélógójì ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó ti pẹ́ jù níbẹ̀ ti dúró fún wákàtí márùn-ún. Ooru mú. Ọmọdé ń ké, fáànù ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Nọ́ọ̀sì kan wà nídìí abẹ́rẹ́, ọ̀kan ń ran dókítà lọ́wọ́ lára ẹni tí ọkọ̀ gbá, Ẹ-ní-Sùúrù nìkan ló sì wà nídìí tábìlì, tó ń pe káàdì.

"Nọ́ńbà mẹ́rìnlá!"

Télọ̀ kan dìde, ẹni tí sísọ́ọ̀sì gé lọ́wọ́. Ọwọ́ náà ti wà nínú báńdéèjì funfun.

"Ta ló di èyí fún ọ?"

"Nọ́ọ̀sì yín ni, màmá."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ mà tutù o. Ẹ bá a wá nǹkan gbígbóná mu."

Ẹ-ní-Sùúrù fa ọwọ́ télọ̀ náà sún mọ́ ojú. Wọ́n ti ká etí báńdéèjì náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ki í sábẹ́ níbi ọrùn ọwọ́, kó má baà tú. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń di í bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ẹni yẹn.

Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó pe nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ti tọ́jú òun náà. Ó pe mẹ́rìndínlógún. Ó ti gba abẹ́rẹ́, ó ti lọ sílé.

Láàárín wákàtí kan, bẹ́ǹṣì méjì ṣófo. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò dúró ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí àìsùn, yọjú síta, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin mẹ́ta péré lẹ ń ṣe gbogbo èyí?"

"Ọlọ́run ni, Dókítà."

Ẹ-ní-Sùúrù fi ọwọ́ bo ìwé ìwọṣẹ́. Àmọ́ kò dìde. Ó sọ fún wa pé kí a kọ èyí náà: òun mọ̀, òun sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ, torí pé àwọn èèyàn ń rí ìtọ́jú.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe kan káfíńtà.

Nọ́ńbà mẹ́tàlélógún ni. Àyà ló ń dùn ún, ìrora náà ti gba apá òsì rẹ̀, òógùn tutù sì bò ó. Ẹ-ní-Sùúrù ti fa ìlà pupa sórí káàdì rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wá. Táyà ló gbé e wá. Táyà ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ń ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà kiri. Ó máa ń ní òun nìkan ni táyà tí kò tíì jò nínú ilé ìwòsàn náà.

"Alága dà?" ni Táyà wí. "Mọ́tò ti dé."

Káfíńtà kò sí lórí bẹ́ǹṣì. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló jókòó, ó gbé bàtà àti fìlà ọkọ rẹ̀ lé itan.

"Wọ́n ti mú un wọlé," ni obìnrin náà wí.

"Ta ló mú un?"

"Nọ́ọ̀sì kan. Ó ní, 'Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ó ti kàn yín.' Ó ní kí n dúró síbí."

"Ibo ni wọ́n gbà?"

Obìnrin náà nawọ́ sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá kẹrin nìkan ló wà níbẹ̀.

Táyà kò ṣe àwàdà mọ́.

Àgádágodo náà ti dípẹtà. Ó pẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ tó wọ̀ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, bẹ́ẹ̀dì tó ti bàjẹ́ ni wọ́n rí, ọ̀kan lórí èkejì, títí dé àjà. Eruku wà nílẹ̀. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan nínú eruku náà.

Wọ́n wá a ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n wá a níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun. Wọ́n bi ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Ó ní kò sí ọkùnrin kankan tó jáde láìwọ bàtà. Dókítà wo aago ara ògiri.

"Bí ó bá jẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ ni ọkàn rẹ̀ ṣe ń ṣe é," ó wí, "kò ní wákàtí kan láyé mọ́ láìsí ìtọ́jú."

Ìgbà náà ni gbọ̀ngàn dákẹ́. Ọmọ tó ń ké dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, wọ́n gbọ́ bàtà rọ́bà lẹ́yìn ògiri. Fìn-ín, fìn-ín. Ó lọ, ó bọ̀. Bí ẹni tó ń rìn láti bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì.

"Ẹ pa orúkọ yẹn rẹ́, màmá," ni Táyà sọ wẹ́lẹ́. "Mo ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ká má máa pe ẹni tó ti lọ."

"Orúkọ wo?" ni Dókítà bèèrè. Wọ́n sọ fún un. Ó wo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí a bá pa á rẹ́, a ó tilẹ̀kùn. Ọgbọ̀n èèyàn ló ṣì wà níta yẹn."

"Ọkọ mi dà?" ni ìyàwó káfíńtà wí. Kò pariwo. Ó di ọwọ́ aṣọ Ẹ-ní-Sùúrù mú. "Màmá, ẹ ní kí n ní sùúrù. Mo ti ní in. Ọkọ mi dà?"

Ẹ-ní-Sùúrù ṣí ìwé náà. Ó ti mú báírò láti pa orúkọ náà rẹ́, kó tó rí ohun tó ti wà níwájú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Àkókò ìwọṣẹ́ wà níwájú orúkọ gbogbo wọn. Láti àná sẹ́yìn, àkókò ìṣíwọ́ wà níwájú orúkọ gbogbo wọn, àfi ti ẹnì kan. Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ wọṣẹ́. Kò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé ó ṣíwọ́. Ta ni ì bá rántí kí òkú kú iṣẹ́?

Níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kì í dá ṣíwọ́. Ẹlòmíì ní láti gba àwọn aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, ẹnu iṣẹ́ ló wà. Jẹ́jẹ́ kò sì rú òfin yẹn rí. Ohun tó pa á nìyẹn.

Ẹ-ní-Sùúrù kò pa orúkọ náà rẹ́. Ó kọ àkókò síwájú rẹ̀: aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, *Mo gba àwọn aláìsàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.* Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ sókè, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún ara wọn:

"Ó tó, àbúrò mi. O kú iṣẹ́. Máa lọ sílé."

Fìn-ín, fìn-ín. Bàtà náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, òórùn ọṣẹ apakòkòrò sì tẹ̀ lé e. Àwọn tó jókòó síwájú ká ẹsẹ̀ wọn kò, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí èèyàn ti ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ kọjá. Ilẹ̀kùn ńlá ṣí, ó padé.

Agogo tí aláìsàn fi ń pe nọ́ọ̀sì dún lórí tábìlì. Láti yàrá kẹrin ni.

Wọ́n sáré. Káfíńtà wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan láàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì tó ti bàjẹ́, aṣọ mímọ́ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fa omi sí i lára, omi náà sì ti dé ìdajì. Ó ń mí. Dókítà gbé ọwọ́ lé ọrùn rẹ̀, ó tẹ́tí sí àyà rẹ̀, ó sì gbé orí sókè.

"Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là," ó wí.

Káfíńtà la ojú. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

"Ó ní òun ti fà wá lé yín lọ́wọ́."

"Ẹ̀yin àti ta ni?" ni Ẹ-ní-Sùúrù bèèrè.

"Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi." Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Irin bẹ́ẹ̀dì nìkan ló wà níbẹ̀, àti eruku. "Ó ti ń kérora látàárọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni."

Ẹ-ní-Sùúrù padà sídìí ìwé. Àlàfo kan wà níbẹ̀ fún iye aláìsàn tí wọ́n fà léni lọ́wọ́. Nínú ìkánjú, kò kọ nǹkan kan sí i. Ẹnì kan ti kọ ọ́ báyìí, yínǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. *Méjì.* Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìfọwọ́sí òun wà.

Wọ́n tilẹ̀kùn pàjáwìrì lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n fi ọkọ̀ méjì kó ọgbọ̀n aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn kejì, gbogbo wọn sì dé láàyè. Wọ́n ka káàdì, wọ́n ka èèyàn. Kò sí ẹni tó sọnù. Wọ́n kó gbogbo bẹ́ẹ̀dì jáde ní yàrá kẹrin, wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n fọ ògiri. Wọn kò rí nǹkan kan.

Káfíńtà lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì lọ sílé. Ẹ-ní-Sùúrù sọ ohun tó ṣe fún àwọn aláṣẹ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Nọ́ọ̀sì mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán báyìí, aláìsàn kì í sì í dúró ju àádọ́ta ìṣẹ́jú lọ.

Ọmọbìnrin Ẹ-ní-Sùúrù ti wá pè é lẹ́ẹ̀mẹta nídìí tábìlì.

"Màámi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi?"

Ọmọ náà wo àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹnikẹ́ni kò mú báírò.

Oṣù mẹ́rin nìyí. Wọn kò tíì rí aláìsàn kejì. Ẹ-ní-Sùúrù kò tíì ṣíwọ́.