Àfikún Aránṣọ

Ìdajì ojú ọkùnrin náà ni aránṣọ kọ́kọ́ rí. Gíláàsì ńlá tó fi ń dáàbò bo ojú ló gba ìyókù. Ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí irin, irin wẹ́wẹ́ tó ń dán sì ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí òwú. Ó ń kọrin, ohùn rẹ̀ kò sì dáa rárá.

Nígbà tó gbójú sókè tó rẹ́rìn-ín, aránṣọ gbàgbé ohun tó wá ṣe.

"Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò gbọ́ orin yẹn," ni ọkùnrin náà, agbẹ́rin tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, wí. "Kí ni mo lè bá yín ṣe?"

"Ọ̀pá irin kékeré kan, ti ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Ọ̀kan péré."

Aránṣọ ń retí kí ó lé òun. Ilé iṣẹ́ kan ti ní àfi tó bá máa ṣe igba. Òmíràn pe iye tó lè ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀kẹta gba èyí tó kán lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ nù.

"Ọ̀kan péré náà ni mo fẹ́ràn jù. Ìyókù irin tó wà nílẹ̀ yìí máa tó o, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìkan lẹ máa san. Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Aránṣọ na bébà kan sí i, tó gé bí ẹní gé apá aṣọ. Agbẹ́rin yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ẹ wọn irin bí ẹní wọn ìbàdí!"

"Ṣé kò ní ìbàdí ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nílé, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ẹ̀rín. Ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ olóògbé ni, orí ẹ̀rọ yìí ni aránṣọ ti kọ́ṣẹ́. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ rí i mọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti dákẹ́ iṣẹ́. Ó ti ní kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé, kí ọmọ òun sì kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́nà jíjìn.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, agbẹ́rin fúnra rẹ̀ gbé ọ̀pá náà wá. Ọ̀pá náà kò wọ inú ihò ẹ̀rọ.

"Mo ti wí pé kí wọ́n wá gbé e lọ," ni Bàbá sọ, ó sì wọ yàrá lọ.

Agbẹ́rin wọn ihò, ó wọn ọ̀pá, ó wo aránṣọ. "Ṣé ẹ fi nǹkan kún iye tí ẹ wọ̀n ni?"

Aránṣọ fọwọ́ bo ẹnu. "Mo fi àfikún sí i, bí a ti ń ṣe sí aṣọ! Nítorí ojú rírán..."

"Ojú rírán lára irin!"

Ojú tì í débi pé omijé lé ròrò sí i lójú. Agbẹ́rin dẹ ohùn. "Ẹ má sunkún, Aláfikún. Èyí tó tóbi, mo lè gbẹ́ ẹ dín kù kílẹ̀ tó mọ́. Ká ní ó kéré ni, kò ní sí àtúnṣe."

Láàárọ̀ Sátidé, àwọn oní-irin àlòkù ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí agbẹ́rin tó sáré dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pá náà wọlé wẹ́rẹ́. Aránṣọ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Bàbá jáde láìwọ bàtà. Ó dúró, ó fọwọ́ ti ògiri. "Ìró ọwọ́ ìyá ẹ nìyẹn," ló wí. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ àwọn tó wá ra irin pé kí wọ́n máa lọ.

Aránṣọ rán ẹ̀wù iṣẹ́ fún agbẹ́rin. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí bọ́tìnì rẹ̀ kì í já.

"Àbí ò ń fà á tu ni?" ni aránṣọ bi í.

"Mò ń fà á tu, olólùfẹ́ mi. Kí n tún rójú ẹ ni."

Ẹ̀wù yẹn náà ló wọ̀ lọ́jọ́ tó wá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá pé òun fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ṣaya. Bàbá wò ó látòkèdélẹ̀.

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù yìí gba èèyàn méjì. Ṣé ọmọ mi ò mọ aṣọ wọ̀n mọ́ ni?"

"Àfikún ni, Bàbá," ni aránṣọ fèsì láti ìdí ẹ̀rọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni agbẹ́rin wí nílẹ̀ tó wà, "ẹ má jẹ́ kó dín in. Àwa méjèèjì la fẹ́ wà níbẹ̀."

Bàbá fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò lè ṣe é. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ọmọ náà lé ọwọ́ agbẹ́rin tó dúdú fún òróró ẹ̀rọ.