Kílò Mẹ́wàá Jọmílójú

Mùktárù to ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́wàá sórí òṣùwọ̀n náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń to ẹyin. Ààbọ̀ kílò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n lọ dúró lórí márùn-ún géérégé.

"Àǹtí, òṣùwọ̀n yín ò purọ́."

Obìnrin tó gbé òṣùwọ̀n náà wá fún àtúnṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mushin mí kanlẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mi ò jẹun yó, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún náà ló ṣì ń sọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń bẹ adájọ́. Àánú rẹ̀ ṣe Mùktárù, ó fa àga fún un. Jọmílójú lorúkọ rẹ̀. Ìju, èyí tí wọ́n ń pè ní fáíbírọ́ìdì, wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀ lóṣooṣù débi pé òòyì ń kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà ní àfi kó dín kílò mẹ́wàá kù kí àwọn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

"Odidi báàgì píọ̀ wọ́tà kan nìyẹn," Mùktárù wí.

"Ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àbí?"

"Rárá o. Ohun téèyàn bá gbé rù ara rẹ̀ ni mo ní ó lè sọ̀ kalẹ̀."

Ni Jọmílójú bá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń wá gun òṣùwọ̀n lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ Mùktárù níṣẹ́. Títú nǹkan wò ló fi mọ̀ ọ́n. Ó dáná sun ẹ̀pà kan lábẹ́ agolo omi, omi náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Ṣé o rí i? Irú ooru yìí ni wọ́n fi ń ka kálórì. Ara á lò ó, tàbí kó fi pamọ́ sí ìdí àti ikùn." Ó wọn fùfú, ó wọn ẹ̀bà. Ṣíbí epo pupa kan, ọgọ́fà kálórì. Ìgò mọ́ọ̀tì kan ju ìyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń ka mọ́ọ̀tì sí oúnjẹ.

Jọmílójú pa mọ́ọ̀tì tì, ó gé fùfú sí ìdajì. Nígbà tó máa fi di Sátidé kẹrin, ìfẹ́ ti wọ àárín wọn, Mùktárù ti ń pè é ní Ojú mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ńṣe ni òṣùwọ̀n lọ sókè.

Jọmílójú bú sẹ́kún. "Látìgbà tí mo ti dín oúnjẹ kù, Màmá mi á jókòó tì mí títí n óò fi jẹun tán. Bí mo bá ṣẹ́ oúnjẹ kù, ó dẹjọ́ ẹbí: ta ló ń febi pa Jọmílójú? Dókítà dí mi níwájú, Màmá dí mi lẹ́yìn. Ibo ni kí n gbà?"

Fúláàsì ògì tí ìyá rẹ̀ dì fún un wà lórí tábìlì.

"Kí ló wà nínú èyí?"

"Ògì lásán. Kò tiẹ̀ ní ṣúgà."

Mùktárù kán díẹ̀ sórí bébà, ó sá a sóòrùn. Ògì lásán á gbẹ di ìyẹ̀fun. Ọ̀rá tàn yíká lára èyí, bébà náà ń dán gbinrin.

"Bọ́tà ni, Ojú mi. Ó sì pọ̀."

Jọmílójú dé fúláàsì náà padà. "Bí mo bá sọ ọ́, mo ti pe ìyá mi lópùrọ́. Bí ìwọ bá sọ ọ́, o ò tún lè tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn mọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Mùktárù ò fi lè jẹun. Bó bá dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ á máa dà lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, ó lè pàdánù rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé òṣùwọ̀n kékeré kan lọ sílé wọn ní Ìdí-Àràbà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ bá wa máa wọn oúnjẹ Jọmílójú. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é."

Màmá wo òṣùwọ̀n náà, ó wo Mùktárù.

"O ti rí bọ́tà náà."

"Ẹ má bínú, mà."

"Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Ayọ̀miídé, ẹ̀gbọ́n Jọmílójú, nìyẹn. Ó ń rù, à ń yìn ín pé ó ń rẹwà, àṣé àìsàn ni. Nígbà tó di oṣù kẹrin, a sin ín. Ṣé kí n tún jókòó kí n máa wo èyí náà kó máa rù lójú mi?"

Jọmílójú jáde láti inú yàrá, ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. "Màmá mi, èmi ni mo fẹ́ rù. Bí mi ò bá rù, wọn ò ní yọ ìju yìí. Ẹ jẹ́ kí n wà láàyè."

Màmá sunkún títí. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó ní, "Gbé nǹkan yẹn wá. Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á?"

Ṣíbí ọbẹ̀ Màmá àti abọ́ Màmá ni Mùktárù fi ṣe ìwọ̀n tó kọ sára páálí. Ó rí i pé abọ́ gbọ́dọ̀ kún kí ọkàn ìyá tó lè balẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀fọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹja tẹ̀ lé e, fùfú wá kéré létí abọ́. Màmá fúnra rẹ̀ ló ń bù ú. Bí Jọmílójú bá fẹ́ fi ọwọ́ kan epo, á ní, "Ọgọ́fà nìyẹn o!"

Oṣù márùn-ún kọjá. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, abẹ́rẹ́ dúró lórí méjìdínláàádọ́rùn-ún. Dókítà kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sínú káàdì rẹ̀. Màmá gba káàdì náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọjú sí Mùktárù.

"Bí ara rẹ̀ bá ti yá, mú àwọn ẹbí rẹ wá tọrọ ìyàwó rẹ. Èmi ni n óò bu oúnjẹ fún wọn, mi ò sì ní wọ̀n ọ́n."