Àdín Lára Táyà Alhaja Sàrátù

Táyà ẹ̀yìn lápá òsì bẹ́ gbòlà nígbà tí Mẹ́sídíìsì Alhaja Sàrátù kù díẹ̀ kó dé oríta Masẹ̀. Ọkọ̀ náà yí lẹ́ẹ̀mejì lójú títì, ó kọjú síbi tó ti ń bọ̀, ó wá fẹ̀yìn wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ. Nígbà tó máa dúró, ewé ẹ̀gẹ́ ti bo gbogbo gíláàsì, gèlè Alhaja sì ti wà lórí itan dírẹ́bà rẹ̀.

"Lá ìláà! Bàṣírù, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ẹ má bínú, Alhaja. Táyà ló bẹ́."

"Táyà wo? Èyí tó o rà lọ́jọ́ Ajé? Òní tí í ṣe Ọjọ́rú?"

Bàṣírù bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ti táyà tó bẹ́ náà, òórùn kan sì gbá a nímú. Òórùn ọ̀hún kò ṣàjèjì sí i, kò kàn rántí ibi tó ti mọ̀ ọ́n.

"Alhaja, ó ń rùn bí ọmọ jòjòló."

"Ọmọ jòjòló! Èmi tí mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, èmi ni mo bímọ sínú ọkọ̀, àbí?"

Bàbá Èṣùbíyì, ẹni tó ni oko, ti dé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ojú tó fi wo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tó wó lulẹ̀, èébú ló fẹ́ẹ́ bú. Ṣùgbọ́n kò tíì la ẹnu tó fi fọwọ́ dí imú, tó sì fẹ̀yìn rìn. "Ta ló gbé àdín wá sóko mi? Àdín ò gbọdọ̀ kàn mí! Èèwọ̀ ilé wa ni!"

Ta ni yóò dá a lóhùn? Alhaja ti gba ariwo lẹ́nu gbogbo èèyàn. "Olè ni! Ẹ bá mi mú un! Owó táyà gidi ni mo fún un, àkísà ló rà!" Àwọn àgbẹ̀ sáré wá. Àwọn tó ń dá ẹmu lórí ọ̀pẹ dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Ọdún mọ́kànlá ni Bàṣírù ti ń wa obìnrin yìí, kò jí kọ́bọ̀ rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Òjò ọdún ti bẹ̀rẹ̀, táyà àtijọ́ sì ti pá bí orí arúgbó. Mẹ́sídíìsì kì í ṣe ọkọ̀ ìyà. Ó wúwo, ó lè sáré, láàárín Àjàwẹ̀rẹ̀ sí Kùtọnu ó sì ń pàdé ẹrẹ̀, ọ̀dà àti eruku pupa lọ́jọ́ kan náà. Alhaja ní kí Bàṣírù wá táyà mẹ́rin tí kò mọ òjò, tí kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìjọba. Ayé Rẹfolúsíọ̀ǹ la wà, ìjọba ló ń pín ọjà: wọ́n ní kó kọ orúkọ sílẹ̀, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Táyà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ ni.

Bó ṣe gba ìlú Ìpinlẹ̀ lọ nìyẹn, tó bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abọ́dúndé pàdé nínú búkà tó ti ń ta táyà. Kóòtù búlúù bíi ti òṣìṣẹ́ ìjọba ló wọ̀, gègé méjì wà lápò àyà rẹ̀, "Kámáráàdì" kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. "Kámáráàdì, ojúlówó nìyí! Sá a dé ọgọ́sàn-án kìlómítà ní wákàtí, nínú òjò, kò ní í yọ̀!" Bàṣírù kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ó ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà, ó bá ti ọkọ̀ mu. Ó ti igi ìṣáná bọ inú ojú táyà, ó jìn. Ó wá irun tín-ín-tìn-ìn-tín tó máa ń wà lára táyà tuntun, irun wà. Ojú rẹ̀ ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Imú nìkan ni kò lò.

Ní Ọjọ́rú náà, ní àgọ́ jandáàmù, ìyẹn ọlọ́pàá ìgbèríko, Ṣẹ́ẹ̀fù Àlàgbé, tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, gbé ìwé síwájú.

"Ta ló tà á fún ọ?"

"Abọ́dúndé, ní Ìpinlẹ̀."

"Rìsíìtì dà?"

"Ó ní Rẹfolúsíọ̀ǹ ti pa rìsíìtì rẹ́."

"Ìwọ náà sì gbà?"

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ó ti pa nǹkan tó ju rìsíìtì lọ rẹ́."

Ṣẹ́ẹ̀fù wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá ẹnì kan gbọ́, kò sì kọ èyí sílẹ̀. Wọ́n jọ lọ sí Ìpinlẹ̀. Búkà ti ṣófo, wọ́n ti gbá a mọ́ tónítóní. Ewúrẹ́ dúdú kan tí wọ́n fá ní ìdajì ara ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Àwọn ará ìtòsí ní àwọn kò mọ Abọ́dúndé kankan. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun sí àgọ́?

"Bí n kò bá rí Abọ́dúndé títí di ọjọ́ Jímọ̀," ni Ṣẹ́ẹ̀fù wí, "ìwọ ni mo máa mú lọ sẹ́wọ̀n l'Ájàṣẹ́." Ó gba pẹ́míì tí Bàṣírù fi ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kó tó délé, "olè" ti dé ṣáájú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò jókòó tì í. Bàṣírù kò lè jẹun.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìròyìn kàn wọ́n pé ẹnì kan ń polówó táyà fún tíṣà kan ní Púlú. Ṣẹ́ẹ̀fù gbé Bàṣírù sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n ki eré mọ́lẹ̀. Òun náà nìyẹn! Kóòtù búlúù lórí mọ́bílẹ́ẹ̀tì, ó so táyà méjì mọ́ ẹ̀yìn. Bó ṣe rí fìlà jandáàmù, ó ya wọ inú oko ọ̀pẹ. Wọ́n tẹ̀ lé e. Ó gba àárín ọ̀pẹ méjì, wọ́n gba ibẹ̀. Ó fo kòtò, alùpùpù ìjọba kò lè fò ó. Ó rì sínú ẹrẹ̀ dé ìdajì. Abọ́dúndé bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí wọn. "Ìjàkadì ń tẹ̀ síwájú, Kámáráàdì!"

Táyà kan já bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàṣírù gbé e, ọwọ́ rẹ̀ di dúdú kirikiri. "Ọmọ jòjòló, Ṣẹ́ẹ̀fù! Ẹ gbóòórùn!"

Ṣẹ́ẹ̀fù fimú kàn án. "Àdín ni. Òun ni ìyá mi fi ń pa mí lára ní kékeré."

"Ṣé ẹ ti wá gbà pé Abọ́dúndé wà?"

"Ẹ̀yìn kóòtù ni mo rí. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń wọ irú rẹ̀, mi ò sì lè mú gbogbo ìjọba. Ọ̀la ṣì ni Jímọ̀."

Àárọ̀ Jímọ̀ pé. Bàṣírù ti di aṣọ méjì sínú àpò, ó jókòó sí àgọ́, ó ń retí ọkọ̀ Àjàṣẹ́. Ẹni tó wọlé ni Bàbá Èṣùbíyì.

"Wọ́n ti ba Èṣù mi jẹ́ ní oríta Masẹ̀! Wọ́n fi àdín kàn án!"

"Bàbá, ẹ rọra. Rẹfolúsíọ̀ǹ kò mọ Èṣù."

"Èṣù mọ Rẹfolúsíọ̀ǹ! Ẹ lọ wò ó! Èèyàn kan kó táyà sẹ́yìn rẹ̀, ó fi màrìwò bò ó. Oòrùn pa á, àdín ń ṣàn kalẹ̀ sára yangí. Àdín! Sára Èṣù!"

Bàṣírù fò dìde, àpò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. "Táyà, Bàbá? Táyà mélòó?"

Abọ́dúndé gbọ́n, a ò jiyàn. Ó mọ̀ pé ní gbogbo agbègbè yìí, kò sẹ́ni tó jẹ́ jí nǹkan lẹ́yìn Èṣù, ìbáà ṣe mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ọmọ Kùtọnu ni, ó sì ka nǹkan àwọn àgbà sí ìranù. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bí èèyàn bá ń wá ìjà Èṣù, àdín ló ń gbé lọ bá a. Epo pupa ni tirẹ̀. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Masẹ̀.

Wọ́n lúgọ sínú ẹ̀gẹ́. Oòrùn ti ń mú nígbà tí mọ́bílẹ́ẹ̀tì dún. Abọ́dúndé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ká màrìwò kúrò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Bàbá Èṣùbíyì wí lẹ́yìn rẹ̀.

Abọ́dúndé na pápá bora! Bàṣírù gbá kóòtù mú. Kóòtù kù sí i lọ́wọ́, ọ̀gbẹ́ni ń bá eré lọ. Ṣẹ́ẹ̀fù fẹsẹ̀ kọ ebè, ó ṣubú. Bàṣírù gbé táyà kan, ó yí i tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ náà. Táyà ọ̀hún sáré dé ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀, ó gbá a lẹ́yìn orúnkún, ó sì dà á bolẹ̀.

"Kí lẹ mú mi sí?" Ẹnu rẹ̀ kún fún iyẹ̀pẹ̀. "Táyà tuntun ni, Kámáráàdì! Ojúlówó!"

Ṣẹ́ẹ̀fù gbọn ara rẹ̀. "Tuntun ni?"

"Tuntun pátápátá!"

"Ó dáa. A ó gùn ún."

Wọ́n ti fa Mẹ́sídíìsì jáde kúrò lóko láti àná. Wọ́n fi mẹ́rin nínú táyà náà sí i, wọ́n sì gbé Abọ́dúndé sẹ́yìn, ibi tí Alhaja máa ń jókòó. Bàṣírù kọjú ọkọ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Pọ́bẹ̀. Òun mọ̀ pé òun kò ní í kọjá ọgọ́ta. Abọ́dúndé kò mọ̀.

"Ọgọ́sàn-án lo wí, àbí?" ni Bàṣírù bi í. "Nínú òjò. Òjò kò sí, a ó sá a bẹ́ẹ̀."

"Kámáráàdì, kò… kò pọn dandan…"

Ọkọ̀ gbéra. Ogún. Ogójì. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í nà lábẹ́ wọn pà, pà, pà.

"Ẹ dúró! Mo jẹ́wọ́! Àkìtàn ni mo ti ṣà wọ́n! Ẹ dúró nítorí Ọlọ́run!"

"Ojú táyà ńkọ́?" Bàṣírù kò dúró.

"Ọ̀bẹ gbígbóná ni mo fi gbẹ́ ẹ! Kò sí pólíìṣì bàtà nígboro, mo bá se àdín mọ́ èédú!"

"Irun ńkọ́?"

"Ti ewúrẹ́ ni!"

"Ewúrẹ́ ta ni?"

"Ti onílé mi! Yéè, ẹ dúró!"

Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi pátápátá. Ní àgọ́, ó dárúkọ tíṣà Púlú àti awakọ̀ méjì tó ti lù ní jìbìtì. Wọ́n rí owó wọn gbà padà, ẹ̀rín ń ti ẹnu wọn jáde, Bàṣírù náà sì gba pẹ́míì rẹ̀. Kí Abọ́dúndé tó lọ sẹ́wọ̀n l'Ájàṣẹ́, Bàbá Èṣùbíyì mú kó fi ọṣẹ fọ yangí náà, kó sì da epo pupa sí i. Ṣẹ́ẹ̀fù dúró tì wọ́n, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ìmọ́tótó ìlú ni, kì í ṣe ẹbọ.

Létí oko ẹ̀gẹ́ náà, Alhaja na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí Bàṣírù. "Gbà. Ọjọ́ Ajé a ó lọ sí Kùtọnu. Imú ara mi ni n ó fi ra táyà."

Bàṣírù kò gbà á. "Ibi tí ẹ ti pè mí lólè, Alhaja, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ pé n kì í ṣe olè. Bí ohùn yín ṣe lọ sókè tó lọ́jọ́ yẹn náà ni."

"Èmi? Nínú ẹrẹ̀?"

Bàṣírù nawọ́ sí inú oko ẹ̀gẹ́. Alhaja wò ó títí, ó kanra, ó pòṣé. Ó tún wò ó. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú oko ẹ̀gẹ́.

"Bàṣírù kì í ṣe olè!" Àwọn àgbẹ̀ gbórí sókè. "Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn! Ọmọlúàbí ni!"

Ẹnì kan ké láti orí ọ̀pẹ: "A ò gbọ́ dáadáa o!"

"Mo ní èmi Sàrátù ni mo purọ́ mọ́ ọn!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá Bàṣírù gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un. Ó fa àpótí sún mọ́ ọn, ó jókòó tì í, kò sì dìde títí tó fi jẹun tán.