Ẹ Bá Mi Dá Ihò Sí Abọ́ Yìí

Obìnrin náà ra abọ́ ike tuntun mẹ́ta lọ́jà Jáńkárà, ó kó wọn síwájú Fàtáì, ó ní kó bá òun dá ihò sí wọn nídìí.

Fàtáì gbójú sókè. Obìnrin tó ga díẹ̀ ni, ó wọ gáùn aláwọ̀ ewé, ojú rẹ̀ tòrò bí omi inú àmù. Erùpẹ̀ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò jọ àgbẹ̀. Fàtáì wò ó, ó wo abọ́, ó tún wo irin tó ń gbóná lórí èédú níwájú rẹ̀.

"Sister, ẹ má bínú o," ó ní. "Abọ́ tó bá ti jò ni wọ́n ń gbé wá bá mi, kí n lẹ̀ ẹ́. Èyí ò jò."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ kó máa jò ni."

"Kí lẹ wá fẹ́ fi abọ́ tó ń jò ṣe?"

"Ẹ kọ́kọ́ dá ihò yẹn ná. Márùn-ún márùn-ún. Tí iṣẹ́ yín bá dáa, màá sọ fún yín."

Fàtáì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ìyàwó rẹ̀ kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ ń kàwé ní Ìlọrin. Láti ìgbà náà, kí Fàtáì jí, kó kírun, kó fi irin gbígbóná dí ihò abọ́ àwọn onílé, kó padà sí yàrá rẹ̀ nínú agbo ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó parí. Ẹni tó ti ń dí ihò láti ọdún yìí wá, ẹnì kan wá ní kó dá ihò. Ó sì rọra ṣe é, bí ẹni ń lu etí ọmọ tuntun.

"Ewéko ni mo fẹ́ gbìn sí i," obìnrin náà sọ nígbà tó rí i pé ihò náà dọ́gba. "Kò fẹ́ kómi dúró sídìí òun. Tómi bá dúró síbẹ̀, á rà."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ò fẹ́?"

Obìnrin náà wò ó. "Alábọ́, ẹ gbájú mọ́ iṣẹ́ yín." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà létí ẹnu rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni Henrietta. Àpò yanrìn kan tún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fàtáì ní òun á bá a gbé e délé. Henrietta ní kò pọn dandan. Kó tó sọ ọ́ tán, àpò ti wà léjìká Fàtáì.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí àwọn Àgùdà kọ́ lẹ́bàá gbàgede Campos ni òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Sophia, ń gbé. Àgbàlá kékeré wà láàárín ilé náà, kànga wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì máa ń tutù. Ẹ̀gbẹ́ kànga ni ewéko mẹ́ta náà wà, nínú garawa àtijọ́ tó ti há mọ́ wọn. Fàtáì ò rí irú ẹ̀ rí. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó pupa bí epo tó dì, abẹ́ rẹ̀ sì ń dán.

Jeremy, àbúrò Henrietta tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi bébà tútù wé gbòǹgbò rẹ̀ wálé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Agogo iyùn ni ìtumọ̀ orúkọ tí òyìnbó ń pè é, nítorí òdòdó rẹ̀ máa ń so rọ̀ bí agogo wínníwínní lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́. Henrietta kàn ń pè é ní Iyùn. Jeremy ti kìlọ̀ pé ilẹ̀ tútù ló ti wá, pé ooru Èkó á pa á kó tó pé oṣù kan. Kò pa á. Nígbà ọyẹ́ kan, ó tiẹ̀ tanná.

"Báwo lẹ ṣe ṣe é?" Fàtáì béèrè.

"Mo ń ṣọ́ ọ ni." Ó kúnlẹ̀, ó fi hàn án. Oòrùn àárọ̀ nìkan ló fẹ́. Yanrìn gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú erùpẹ̀ rẹ̀. A kì í rì í wọlẹ̀ jù, kí ọrùn rẹ̀ lè rí atẹ́gùn. Kéèyàn tó bomi sí i, á kọ́kọ́ ti ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kìíní. Tó bá ṣì tutù níbẹ̀, kó gbé omi rẹ̀ kúrò. "Tóòrùn bá mú, ewé rẹ̀ á sorí kọ́. Ẹ má dá a lóhùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á dìde fúnra rẹ̀."

Bí Fàtáì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ó mú èédú tó ti gún wá, kó lè dà á pọ̀ mọ́ erùpẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, kò mú nǹkan kan wá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń já ewé gbígbẹ láti ìdí láìfa gbòǹgbò.

"Ọwọ́ yín le jù," Henrietta á wí. "Ewé ni, kì í ṣe irin."

"Ẹ wá di ọwọ́ náà mú, kẹ́ ẹ fi kọ́ mi."

"Ọ̀gbẹ́ni yìí ò ní kú ire."

Màmá Sophia á na ọrùn jáde láti fèrèsé òkè. Orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá tí ojú rẹ̀ kì í tó. "Henri, ta ló ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ yẹn?"

"Alábọ́ ni, Mama."

"Ojoojúmọ́? Ṣé abọ́ wa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Nígbà tó di oṣù kẹrin, Fàtáì sọ ọ́. Ó ti ń ṣètò rẹ̀ lọ́kàn láti Jáńkárà bọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe débẹ̀, gbogbo ẹ̀ fò lọ.

"Sisí Henri, mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ mi."

"Ẹ wo bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni ń tọrọ iyọ̀!" Henrietta rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó jókòó sétí kànga. Ó sọ fún un nípa ọkùnrin kan ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Wọ́n ti kéde ìgbéyàwó wọn nínú ìjọ kí wọ́n tó gbọ́ pé ó níyàwó àti ọmọ mẹ́ta ní Abẹ́òkúta. "Ẹ bú mi, màá gbà. Ẹ bínú sí mi, màá gbà. Irọ́ nìkan ni mi ò lè gbà mọ́, Bọ̀dá Fàtáì. Ọ̀la ni mò ń lọ sí Àjàṣẹ́, ẹbí wa kan kú níbẹ̀. Tí mo bá dé, màá fún yín lésì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Iyùn."

"Bí ojú mi ni màá ṣe wò wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló pa wọ́n lára. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ooru mú bí ẹni pé wọ́n ń fi iná sábẹ́ Èkó. Bí Fàtáì ṣe wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sorí kọ́. Ó rántí pé kóun má dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó bomi sí i. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún sorí kọ́, ó tún bomi sí i, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Kò ti ìka bọ erùpẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan nǹkan wò. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó fọwọ́ ba ewé kan, igi ewéko náà sì tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ jáde, ìdí rẹ̀ dúdú, ó ń rùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni méjì yòókù.

Lẹ́yìn náà ni Fàtáì ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Ó kó òkú Iyùn sínú ọ̀rá, nítorí kò lè dà á nù. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì, ó ra ewéko pupa mẹ́ta tó jọ ọ́, ó gbìn wọ́n sínú abọ́ náà. Láti òkèèrè, èèyàn lè gbà pé òun ni.

Henrietta dé lọ́jọ́ Ajé. Ó lọ tààrà sí ẹ̀bá kànga, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì di igi ewéko náà mú. Fàtáì dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ tọ́jú wọn," Henrietta ní, kò wẹ̀yìn.

"Kò tó nǹkan."

"Ẹ ṣeun."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gòkè lọ bá ìyá rẹ̀. Fàtáì dúró de èsì títí, ó rí i pé kò sí ẹni tó máa sọ̀ kalẹ̀, ó lọ.

Lókè, Màmá Sophia ní, "Mo rí gbogbo ẹ̀ láti fèrèsé."

"Kí ló dé tẹ́ ò dá a dúró, Mama?"

"Mo fẹ́ wo bóyá á sọ fún ẹ fúnra rẹ̀ ni." Ìyá arúgbó náà mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó sunkún, Henri. Ìyẹn náà, mo rí i."

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ní Ọjọ́bọ̀, Ganiat, ẹ̀gbọ́n Fàtáì tó ń ta ata gbígbẹ ní ọjà Sandgrouse, gbé oúnjẹ wá fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fa imú.

"Kí ló ń rùn níbí? Ẹja lo gbàgbé?"

"Ewé ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ewé wo ló ń rùn báyìí?"

Fàtáì sọ gbogbo rẹ̀. Ganiat kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí ojú àbúrò rẹ̀, ó gbé oúnjẹ náà sílẹ̀.

"Fàtáì, o fi ewé purọ́ fún obìnrin tó gbin ewé. Ṣé orí ẹ pé?"

"Tí mo bá sọ fún un, kò ní fẹ́ mi mọ́."

"Tó ò bá sì sọ fún un, ta ni obìnrin yẹn máa wá fẹ́? Kì í ṣe ìwọ. Ẹni yẹn tó tọ́jú Iyùn dáadáa ni, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbé ọ̀rá ẹ, kóo máa lọ."

Lọ́sàn-án Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Fàtáì wọ àgbàlá náà. Henrietta ń bomi sí àwọn ewéko tí Fàtáì rà.

"Ṣé ẹ ṣì ń tọ́jú wọn?" Fàtáì béèrè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi jẹ wọ́n níyà sí?"

Fàtáì kúnlẹ̀, ó gbé ọ̀rá náà sílẹ̀. "Iyùn rèé. Èmi ni mo fi omi pa wọ́n. Ẹ ní kí n má dá wọn lóhùn, mo dá wọn lóhùn. Mo wá ra òmíràn, mo fi tàn yín. Mo mọ̀ pé irọ́ lẹ ní ẹ ò lè gbà. Mi ò wá gba èsì mọ́. Mo kàn ní kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni."

Henrietta mú ọ̀bẹ kékeré, ó tú ọ̀rá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ibi tó rà kúrò. Èkíní rà tán. Èkejì náà rà tán. Nínú ẹ̀kẹta, ó gé e títí ó fi kan ibi kan tó ṣì funfun, kò tó àtàǹpàkò. Ó tì í bọ yanrìn gbígbẹ díẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" Fàtáì béèrè.

"Kí n tó gbé báàgì mi sílẹ̀. Igi tẹ́ ẹ rà ní igun mẹ́rin. Ti Iyùn kì í ní igun."

"Ẹ ò sì sọ̀rọ̀."

"Mò ń dúró dè yín." Ó fi ìka tẹ yanrìn náà mọ́ ọn. "Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní wá. Bẹ́ẹ̀, èmi gan-an..." Ó nu ọ̀bẹ náà sára gáùn rẹ̀. "Ọdún mélòó ni mo sọ fún yín pé mo jẹ́?"

"Mẹ́tàlélógójì."

"Mọ́kànléláàádọ́ta ni mí. Mo jù yín lọ. Mi ò lè bímọ fún yín, Fàtáì. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń wá ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́. Mo ń pe ẹlòmíì ní òpùrọ́, mo sì fi tèmi sábẹ́ ìrọ̀rí. Irun yìí gan-an, dáì ni."

"Ìyẹn, mo mọ̀. Ó ń ràn mọ́ ọrùn gáùn yín."

Henrietta na ọwọ́, ó gbá a léjìká, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo bí ọmọ kan," Fàtáì rọra sọ. "Kò wù mí kí n tún bí òmíràn. Ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ni mò ń wá. Sisí mi, ṣé irọ́ tún kù lọ́dọ̀ yín?"

"Kò kù."

"Ó kù!" Màmá Sophia ké láti fèrèsé. "Ó máa ń hanrun! Sọ fún un, kó má sọ pé a ò kìlọ̀ fóun!"

"Mama!"

"Èmi náà ń hanrun, Mama," Fàtáì dáhùn, ó ṣì wà lórí eékún.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fà á dìde, Henri, ilẹ̀ yẹn le."

Henrietta na ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún yanrìn. "Dìde. Ní Sunday, kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá kí Mama. Èsì mi nìyẹn." Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é ní ìwọ nìyẹn.

Ìgbéyàwó náà kò ní ariwo. Jeremy bínú díẹ̀ lórí fóònù, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ó jáwọ́. Ganiat béèrè bóyá ọmọ Àgùdà á máa se sààrì. Henrietta ní òun á máa sè é, àmọ́ òun ò ní dá ìsìn ọjọ́ Sunday dúró, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́rin péré ló lọ sílé ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n fi àga gbé Màmá Sophia sọ̀ kalẹ̀.

Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì gbé bírò. "Màdáámù, ọjọ́ orí yín?"

Àwọn ọmọge tó fẹ́ ṣègbéyàwó kún ẹ̀yìn wọn, gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ogún ọdún àti díẹ̀. Henrietta nàró.

"Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta," ó ní, ketekete, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́.

Akọ̀wé kọ ọ́. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́ta," Fàtáì ní. "Àbúrò ni mí."

Yàrá náà bú sẹ́rìn-ín. Henrietta fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ òsì Fàtáì mú lórí tábìlì níwájú gbogbo wọn, wọ́n sì fi ọ̀tún fọwọ́ sí ìwé.