Orúkọ Tí Adétutù Bà Jẹ́

Ọkùnrin tí ìjọba rán wá yẹ kòkó wò bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò, ó fi ọ̀bẹ la wóró kan sí méjì, ó sì gbé e símú. Ojú rẹ̀ yí padà lẹ́sẹ̀kan náà.

"Bàbá, kòkó yín ti gba èéfín," ó wí. "N kò lè gbà á. Ta ló dáná sábẹ́ rẹ̀?"

Háà ni Ọlágòkè, bàbá Adétutù, ké. Oòrùn ni gbogbo ará Abà Ẹkúndayọ̀, lẹ́bàá Iléṣà, fi ń mú kòkó wọn gbẹ, Ọlágòkè sì máa ń fi tirẹ̀ yangàn láàárín wọn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára Béjidé, lébìrà tó wá láti Òṣogbo. Béjidé kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kó má sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ nítòsí pẹpẹ ọparun tí wọ́n ń sá kòkó lé.

"Hówù! Béjidé, ṣé nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lo ṣe ba iṣẹ́ mi jẹ́?"

"Bàbá, Ọlọ́run gbọ́, èmi kọ́."

"Iwin ló wá dáná ọ̀hún, àbí?"

Àwọn tó dúró síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Adétutù wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó sì tún pa á dé.

Òun gan-an ló dáná náà. Ojú ọjọ́ kò dára ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, bàbá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ kúrò nídìí kòkó títí yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n Fadékẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré dé, ó ní lọ́rí tó ń kó àwọn akọrin lọ síbi ìdíje orin ní Iléṣà ti fẹ́ gbéra.

"Dáná sí i nísàlẹ̀ jàre," Fadékẹ́ wí. "Ká tó padà dé, á ti gbẹ táútáú."

Adétutù dáná sí i, ó lọ kọrin títí ohùn rẹ̀ fi há, ó sì rò pé ọgbọ́n lòun gbọ́n.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ kòkó náà ni Béjidé ti di ẹni yẹ̀yẹ́. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Bàbá Eléèéfín. Kò sí àgbẹ̀ tó tún fẹ́ fa kòkó lé e lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ ni. Nígbà tí yẹ̀yẹ́ náà pọ̀ jù, kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi kàn pé ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó fẹ́ padà sí Òṣogbo.

Ọkàn Adétutù kò balẹ̀ rárá. Ìgbọ́wọ́lé rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Bíṣọ́ọ̀bù yóò gbé ọwọ́ lé òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí, wọn yóò sì di ẹni tó ń jẹ Oúnjẹ Olúwa. Ó gbàdúrà, ó sunkún, ó tilẹ̀ gbààwẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ti fojú kan Béjidé, á yà gba ọ̀nà mìíràn. Níkẹyìn, ó tọ Julianah lọ, ìyàwó katikísì tó ń kọ́ wọn, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Yèyé, Ọlọ́run kò dárí jì mí," ó wí.

Julianah ń lọ ata lọ́wọ́. Ó fi ọmọ ọlọ sílẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Torí ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Jésù ṣe kú. Ìwọ lo gba ìdáríjì tán tí o tún ń sá pamọ́. Ṣé o fẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé ọ lórí, kí ẹrù rẹ sì wà lórí Béjidé?"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Yèyé. Bàbá mi á nà mí. Ojú á tì mí."

"Ó lè nà ọ́, ojú á sì tì ọ́ lóòótọ́. Ìyẹn kò ní pa ọ́. Dìde, mo ń bá ọ lọ."

Ìgbà tí wọ́n délé, Béjidé wà lọ́ọ̀dẹ̀ Ọlágòkè, ó wá dágbére. Adétutù kúnlẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì.

"Bàbá, èmi ni mo dáná sábẹ́ kòkó. Bùrọ̀dá Béjidé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Béjidé tẹjú mọ́ ọn. "O rí bí àwọn ọmọdé ṣe ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà?"

"Mo rí i, sà."

"O sì dákẹ́?"

"Mo dákẹ́." Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó dùn mí wọra, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fìyà jẹ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi náà ń tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì lé mi rí. Mo dárí jì ọ́. Dìde nílẹ̀."

Ara Adétutù fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù igi kalẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti fa pàṣán yọ.

"Kò ní sí ìgbọ́wọ́lé kankan fún ọ! Ẹlẹ́tàn ọmọ!"

Béjidé di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá, èmi tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ ti dárí jì í. Ẹ̀yin tí ẹ dá mi lẹ́bi láìwádìí, mo ti dárí jì yín náà. Kí ló wá kù tí ẹ fẹ́ torí rẹ̀ nà án?"

Ọlágòkè, tí ẹnikẹ́ni kò rí kó tọrọ àforíjì rí, ju pàṣán sílẹ̀, ó ṣí fìlà.

"Béjidé, má bínú sí mi," ó wí. "Jọ̀ọ́, má lọ."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Adétutù dúró níwájú ìjọ, ó sì sọ ohun tó ṣe. Àwọn kan pòṣé. Fadékẹ́ kọ́kọ́ dorí kodò, lẹ́yìn náà ló jáde wá dúró tì í, ó ní òun lòun kọ́ ọ pé kó dáná. Ọlágòkè kéde pé Béjidé ni yóò máa bójú tó kòkó òun, Adétutù ni yóò sì máa bá a yí i nínú oòrùn ní gbogbo ìsinmi ilé-ìwé. Adétutù gba ìyà náà tẹ̀ríntẹ̀rín.

Nígbà tí ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù bà lé Adétutù lórí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà tí ẹ̀rù tún ń bà á láti wò lójú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú sé yín mọ́ inú irọ́. Ẹni tí Kristi bá dárí jì lè jáde sọ òtítọ́ kó sì tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, nítorí kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ìtìjú mọ́ tó lè fi mú un.